Àbẹ́là Màmá Mi Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òòfà

Yàrá ẹ̀yìn ilé wa ní Ṣàngótẹ̀dó ni mo ti ṣe iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá mi ní yunifásítì. Irin kan tí wọ́n ń pè ní bísímọ́tì ni mo ń yẹ̀ wò: tí òòfà bá sún mọ́ ọn, ó máa ń ṣòro díẹ̀ sí i fún iná mànàmáná láti gba inú rẹ̀ kọjá. Inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ti bàjẹ́ ní ìjọ màmá mi ni mo ti yọ òòfà. Nọ́ḿbà orí mítà tí mo fi ń wọn ìṣòro náà gbọ́dọ̀ gòkè tí òòfà bá dé, kó sì sọ̀ kalẹ̀ tó bá kúrò. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, mi ò ní jáde lọ́dún yẹn.

Aláṣọ funfun ni màmá mi. Iṣẹ́ náà ò yé wọn, àmọ́ wọ́n kà á sí ju èmi tí mo ni ín lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ wọ̀n ọ́n, wọ́n wọ sùtánà, wọ́n fi ẹsẹ̀ lásán wọlé, wọ́n tan àbẹ́là sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin náà, wọ́n gbàdúrà.

Mo gbé òòfà dé, nọ́ḿbà gòkè. Inú mi dùn. Mo gbé e kúrò, nọ́ḿbà ṣì ń gòkè lọ. Mo tú wáyà, mo bú mítà tí kò ṣẹ̀ mí, kí n tó rí i pé ooru àbẹ́là ló ń ti nọ́ḿbà sókè.

Ẹ̀rù bà mí láti sọ ọ́.

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, àbẹ́là yìí ń da measurement mi rú.”

“Àdúrà mi ló ń dà á rú?”

“Rárá o, Màámi. Ooru ẹ̀ ni.”

“Mi ò lè pa á. Tí mo bá ti fi àdúrà tàn án, ó gbọ́dọ̀ jó tán ni.”

Wọ́n gbé àbẹ́là náà jáde sẹ́yìnkùlé, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó nítorí atẹ́gùn ọ̀sà. Láti ojú fèrèsé, mo ń wo ìda tó ń kán sí wọn lọ́wọ́. Wọn ò mira. Lórí tábìlì mi, mo gbé òòfà dé, nọ́ḿbà gòkè; mo gbé e kúrò, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kan náà ni mò ń ṣe báyìí ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kí, nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù kì í kú. Ooru kankan kì í da nọ́ḿbà rú níbẹ̀. Màmá mi ti sùn nínú Olúwa. Tí mo bá ti gbé òòfà dé, mo ṣì máa ń wo ojú fèrèsé.