Ẹni Tó Ń Sáré Tó Di Àyà Mú

Èmi ni mo pariwo olè lé ọkùnrin yẹn lórí. Mi ò ní fi sábẹ́ ahọ́n sọ. Onínú fùfù ni mí. Bí inú bá ti ń bí mi, ẹnu mi kì í dúró de ọpọlọ mi. Ìyá mi máa ń sọ pé ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, èmi á sì máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ìyànà-Ìbà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Mo máa ń tẹ̀wé, mo sì máa ń ṣe fọ́tòkọ́pì fún àwọn ọmọ yunifásítì. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ yẹn, ẹnìkan já fóònù mi gbà lórí káńtà, ó tì í bọ abẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Gbogbo àwa tí a ń tajà níbẹ̀ la mọ àmì yẹn: ẹni tó bá ń sáré, tó sì fọwọ́ di àyà mú, fóònù ẹlòmíràn ló wà lábẹ́ ẹ̀wù rẹ̀. A kì í bèèrè. Mo ti búra pé èyí tí mo bá tún rí, yóò san gbèsè èyí tó lọ.

Lọ́sàn-án gangan ni ọkùnrin kan sáré bọ̀ láti ọ̀nà gééètì yunifásítì. Á tó ẹni àádọ́ta ọdún. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó di àyà mú gírígírí, òógùn sì bò ó lójú. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Olè! Ẹ mú un! Ó ti gbé e o!"

Oníkẹ̀kẹ́ kan na ẹsẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ó ṣubú, àgbọ̀n rẹ̀ gbá etí gọ́tà. Kó tó dìde, wọ́n ti bò ó. Wọ́n fi pákó lù ú lẹ́yìn, wọ́n fi bàtà tẹ̀ ẹ́ lẹ́nu, ẹnìkan gbé bọ́lọ́ọ̀kù sọ lù ú léjìká, mo sì gbọ́ bí eegun ṣe dún. Ó ń ké pé, "Àyà mi! Ẹ jọ̀ọ́, àyà mi ni!"

"Àyà bàbá ẹ! Mú fóònù jáde jàre!"

Èmi náà kúrò nídìí káńtà. Mo ta á nípàá níhà lẹ́ẹ̀mejì. Ó dùn mọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ ìyẹn náà sílẹ̀: ó dùn mọ́ mi, àfi bíi pé fóònù mi ni mo ń gbà padà.

Wọ́n ti yí táyà dé, wọ́n ń wá epo bẹntiróòlù, kí sọ́jà kan tó ń kọjá lọ tó bọ́ bẹ́líìtì ìdí rẹ̀, tó fi ń na gbogbo wa títí a fi tú ká. Ó fi kẹ̀kẹ́ gbé ọkùnrin náà lọ. Mi ò mọ̀ bóyá ó ṣì ń mí.

Kò sí fóònù kankan. Ìwé kan ló jábọ́ lára rẹ̀, ìwé pupa rẹ́súrẹ́sú tí ìlà wọ́gọwọ̀gọ wà lórí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti ta sí i. Mo mú un lọ bá oníkẹ́míìsì ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó wo ìwé, ó wò mí.

"Màdáámù, àwòrán bí ọkàn èèyàn ṣe ń lù nìyí. Orúkọ ẹni tó ni ín wà lókè níbí, mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ̀ mi ló máa ń sáré wá bí ọkàn ẹ̀ bá ti ń ṣe kátikàti."

Àyà mi já. Láti ọjọ́ yẹn, kò padà sí àyè rẹ̀ mọ́.

Ọkàn mi á lù lẹ́ẹ̀mejì, á fo ìkẹta, èmi á dúró dè é, ìgbà tó bá wá dé, á dé pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ́, gbì! Bí mo bá gbọ́ ariwo lójú pópó, á máa sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo máa ń fi ìka sí ọrùn kà á, bí mo sì ṣe ń kà á tó ló ń burú tó. Mo fọ́ oníbàárà kan létí nítorí pé ó fọwọ́ lu káńtà lójijì. Mo sọ àwo ọbẹ̀ mọ́ ògiri. Ìyá onílé wa ní Igbó-Elérin, ọmọ onílẹ̀ Ọ̀jọ́ ni wọ́n, pè mí sí kọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, ohun tó ń lé ẹ ò sí lẹ́yìn ẹ. Kí lo ṣe?"

Mo ní mi ò ṣe nǹkan kan. Irọ́ ni. Ọkùnrin náà ò padà wá sọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì mọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ń gbé kiri: ṣé mo ti pa èèyàn ni?

Nígbà tó di oṣù kẹta, mo lọ sí ọsibítù kan ní Okókomáíkò. Wọ́n lẹ nǹkan mọ́ mi láyà, ẹ̀rọ sì ya ìwé tèmi náà. Dókítà, ọmọbìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

"Họ́ọ̀tì yín dáa, mà. Gbogbo ọkàn ló máa ń fò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àníyàn ló ń jẹ́ kí tiyín pọ̀. Bó bá fò, ẹ̀rù á bà yín, ẹ̀rù yẹn á tún mú un fò. Kí lẹ̀ ń rò?"

Mo tún ní kò sí. Mo jáde.

Orí bẹ́ǹṣì níta ni mo ti rí i. Eyín iwájú mẹ́ta ti kúrò lẹ́nu rẹ̀, èjìká kan sì wọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni. Ó wà láàyè! Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí lẹ́ẹ̀kan náà, ni ọkàn mi bá ń jà bí adìyẹ tí wọ́n fẹ́ pa. Mo di àyà mú, mo sáré gba ọ̀nà gééètì. Òun gan-an ló na ọwọ́ dá mi dúró.

"Ẹ rọra o, màdáámù. Ẹ má sáré. Ẹni tó bá di àyà mú tó ń sáré ládùúgbò wa yìí, pípa ni wọ́n ń pa á. Ẹ wo ẹnu mi. Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́."

Kò dá mi mọ̀. Mo lè dúpẹ́ kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n mo ṣí báàgì, mo mú ìwé rẹ̀ tí mo ti ń gbé kiri jáde. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ dúdú lórí rẹ̀.

"Èmi ni mo pariwo, sà. Mo tún ta yín nípàá."

Ó wo ìwé náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ló fọ́ mi létí. Ojú mi ṣú, mo ṣubú lu bẹ́ǹṣì, ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu mi.

Ni gbogbo èrò bá dìde.

"Ó na obìnrin! Obìnrin tára ẹ̀ ò yá! Ẹ mú un!"

Wọn ò bèèrè. Ọkùnrin méjì fún un lọ́rùn, wọ́n ń gbá orí rẹ̀ mọ́ ògiri, sẹ́kúríìtì sì ti gbé kóńdó sókè. Ó fi ọwọ́ òsì di àyà mú. Ohun tó ké ní Ìyànà-Ìbà náà ló tún ń ké: "Àyà mi!"

Mo ya wọ àárín wọn. Mo gé ẹni tó fún un lọ́rùn jẹ, mo fi orí kan èkejì nímú, mo sì fi ẹ̀yìn bo ọkùnrin náà mọ́ ògiri. Kóńdó já lé mi léjìká. Mo fi gbogbo ohùn tí mo ní pariwo:

"Kò jalè! Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn! Èmi ni mo fẹ́ pa á, ẹ lù mí!"

Wọ́n dúró. Sẹ́kúríìtì sọ kóńdó kalẹ̀. Àyà ọkùnrin náà lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn mi, mo sì ń gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù: ó lù lẹ́ẹ̀mejì, ó fo ọ̀kan. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́ta, mi ò rántí ka tèmi. Tirẹ̀ ni mo ń dúró dè.