Oògùn Ara Ríro Tí Ìyá Àgbà Fún Ológbò

Nílé wa ní Ìlá, a kì í sin ológbò fún eré. Ìyá ìyá mi gba tiwọn kí eku má baà jẹ àgbàdo àti iṣu gbígbẹ tí a kó sí yàrá ẹ̀yìn. Síbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀, wọ́n sì máa ń bù fún un nínú ẹja wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, apẹ̀rẹ̀ àgbàdo já lu ológbò náà lẹ́sẹ̀. Ó ń tiro, ó sì ń ké. Ìyá àgbà ṣe ohun tí wọ́n máa ń ṣe fún gbogbo wa ní kékeré: wọ́n mú parasítámọ̀ kan nínú oògùn orúnkún wọn, wọ́n dá a sí méjì, wọ́n fi ẹ̀yìn ṣíbí lọ ìdajì, wọ́n sì pò ó mọ́ omi ẹja. Ológbò lá a tán. Ọkàn wa balẹ̀.

Kí ó tó di ọ̀sán, itọ́ ti ń dà lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ wú, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Èrìgì rẹ̀ tí ó máa ń pọ́n ti dà bí àwọ̀ ilẹ̀. Ìyá àgbà ní ẹsẹ̀ ló ń dùn ún, kí n bá àwọn lọ ìdajì tó kù. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí a kọ́kọ́ gbé e lọ fún dókítà ẹran. A fi ìró wé e, a gun ọ̀kadà.

Dókítà yẹ ẹnu rẹ̀ wò, wọ́n sì béèrè ohun tí ó jẹ. Ìyá àgbà ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ bí ẹni tí ó tọ́jú aláìsàn dáadáa.

"Màmá, ti ẹsẹ̀ kọ́ lèyí mọ́. Oògùn yẹn ni. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò lágbára láti pa oró rẹ̀ bí ti ènìyàn."

"Ìdajì péré ni, ọmọ mi."

"Ìdajì ti pọ̀ jù fún un, mà."

Wọ́n ní oògùn tí ó lè ṣẹ́gun oró náà kò sí lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n ní, wọ́n sì ní kí a máa gbé e lọ sí Òṣogbo, níbi tí a ti lè rí oògùn náà. Ibi tí a ti ń wá ọkọ̀ Òṣogbo ni ó kú sí, lórí itan ìyá àgbà. Kò sí ìkà kankan nínú ohun tí ìyá àgbà ṣe. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n lè rò ó tán.

Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti lo oògùn wọn mọ́. Orúnkún wọn wú, wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń fi ọwọ́ ra á. Mo gbé oògùn àti omi wá. Wọ́n dá mi dúró, wọ́n ní oògùn yìí náà ni àwọn ń lọ fún ìyá mi, tí àwọn sì lọ fún èmi náà.

"Ṣé kì í ṣe pé Ọlọ́run ló kó yín yọ lọ́wọ́ mi?"

Mo sọ fún wọn pé ara ènìyàn lè gba ohun tí ara ológbò kò lè gbà, àti pé ìwọ̀n tí nọ́ọ̀sì sọ ni wọ́n ń fún wa.

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, mà."

Wọ́n gbé e mì. Lẹ́yìn náà, wọ́n rán mi sí ìyá tí ó ń sin ológbò ní ilé kejì, pé kí n lọ kìlọ̀ oògùn náà fún wọn.

"Má fi nǹkan kan bò. Sọ fún wọn pé èmi ni mo fún ológbò wa."