Ọrùn Àǹtí Tútù Ló Wà Lókè

Àǹtí Tútù, tó ń fi ẹ̀rọ wo ọrùn àwọn ọmọdé ní ọsibítù wa, kú láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kókó ọrùn ló dí ọ̀nà èémí rẹ̀. Ìwé tí ọsibítù lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ní "lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́" ni. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn ọmọdé ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí jẹ́lì tútù tó máa ń fi sí wọn lọ́rùn kó tó fi ẹ̀rọ wo ọ̀nà èémí wọn. Kò ní í ti ọ̀pá bọ ọmọ lọ́fun, kò ní í gún un lábẹ́rẹ́ oorun. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjì wo ló máa gbà kí àjèjì fọwọ́ kan òun lọ́rùn? Ọrùn ara rẹ̀ ni Àǹtí Tútù kọ́kọ́ máa ń gbé ẹ̀rọ náà lé. "Ṣé o rí i? Mi ò ké. Ó kàn ọ́, ọ̀gá mi." Bó ṣe ṣe fún ọmọbìnrin mi nìyẹn, tí a rò pé ọ̀fìnkìn ló ń dún lọ́fun rẹ̀. Ó rí àpò omi tó fún un lọ́nà èémí, wọ́n sì yọ ọ́. Ọmọ náà ń sáré kiri ilé báyìí.

Ìwé àwòrán tí ẹ̀rọ náà yà lọ́jọ́ yẹn ṣì wà lára fíríìjì wa. Àwòrán méjì ni, ti ìsàlẹ̀ ni ọrùn ọmọ mi. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ikú Àǹtí Tútù ni mo tó wo ti òkè. Ọrùn Àǹtí Tútù ni, kókó kan sì wà níbẹ̀, ó tó hóró ẹ̀wà. Mi ò dá ara mi sí o: ó lé lọ́dún kan tí mo ti ń ṣí fíríìjì yẹn mu omi.

Àwa òbí ò mọ àwòrán kà. Àwọn dókítà tó ń rí àwòrán òkè yìí nínú fáìlì ọmọ kọ̀ọ̀kan ńkọ́? Òun fúnra rẹ̀ rí i. Ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ̀wé pé òun fẹ́ lọ tọ́jú ara òun. Àwọn aláṣẹ ọsibítù ní, "Ìwọ nìkan lo mọ ọrùn ọmọdé wò níbí, ṣe sùúrù." Nígbà kẹta, ọ̀gá ọsibítù ní kó yéé fi ọrùn tiẹ̀ ba fáìlì aláìsàn jẹ́.

Ìgbà tí a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ọ̀gá yìí kan náà ló ka oríyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Ó ní ojú òun ló lọ. Ojú wo? Èyí tí ẹ ní kó má fi wo ara rẹ̀?

Ẹ ya ìwé ẹnu ọ̀nà yẹn. Ẹ kó gbogbo àwòrán òkè jáde, ẹ tò wọ́n bí ọjọ́ wọn ṣe tẹ̀lé ara wọn, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó buwọ́ lu fáìlì kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ rẹ̀. Ti ọmọ mi rèé, mo ti yọ ọ́ lára fíríìjì. Déètì wà lára rẹ̀: oṣù mẹ́rìnlá kó tó kú. Ẹni tó bá rí àìsàn ráńpẹ́ níbẹ̀, kó wá fi hàn mí.