Àwọ̀ Òwúrọ̀

Ní àwọn ọdún tí òmìnira ṣì tuntun, tí òórùn ọ̀dà kò tíì tán lára àwọn ilé Bódìjà, ni àìsàn àtọ̀gbẹ mú mi. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mí. Dókítà ṣàlàyé pé kò ní í lọ mọ́, pé abẹ́rẹ́ ni n ó máa gbà títí ayé, àti pé láràárọ̀ ni n ó máa se ìtọ̀ mi pọ̀ mọ́ oògùn aláwọ̀ aró nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Bí ó bá dúró ní àwọ̀ aró, kò sí ṣúgà níbẹ̀. Bí ó bá pọ́n, ewu ń bẹ.

Ìyá mi, tí í ṣe olùkọ́, kọ́kọ́ sọ fún dókítà pé ó pọ́n. Dókítà kì í ṣe Yorùbá. Ó fẹ́ mọ irú pípọ́n tí ó pọ́n, nítorí ìyẹn ni yóò fi díwọ̀n abẹ́rẹ́. Láti ìgbà náà ni a ti pín pupa sí mẹ́ta nínú ilé wa: ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n, ti epo, àti ti bíríkì tí ó léwu jù.

Ṣáájú àìsàn yìí, bí mo bá kúnlẹ̀ kí ìyá mi láàárọ̀, oríkì mi ni ó fi ń dá mi lóhùn. Lẹ́yìn rẹ̀, ìbéèrè ni:

“Ẹ káàárọ̀, Mà.”

“Àwọ̀ wo ni?”

“Ti epo ni, Mà.”

“Kí lo jẹ?”

“Ẹ̀wà tí ẹ bù fún mi náà ni, Mà.”

“Àbí eku ló wá da ṣúgà sí ọ lẹ́nu lójú oorun?”

Àbúrò mi ọkùnrin yóò rẹ́rìn-ín, yóò dọ̀bálẹ̀, ìyá mi yóò sì kì í dáadáa. Èmi yóò dìde pẹ̀lú ìgò mi. Bí ẹni tí ń lọ jẹ́jọ́ ni mo ṣe ń jí lójoojúmọ́. Nínú kíláàsì pàápàá, ẹjọ́ ọ̀la ni mo ń rò. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí ó rántí oríkì mi. Ó ń dùn mí síbẹ̀.

Kí ọdún mẹ́wàá tó pé lẹ́yìn tí àìsàn náà mú mi, ìyá mi dùbúlẹ̀ àìsàn. Èmi náà ti di olùkọ́, mo ń gbé ní Òkè Àdó, mo sì ń gún ara mi ní abẹ́rẹ́. Ní àárọ̀ tí ó lò kẹ́yìn láyé, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, mo kí i. Ó la ojú.

“Àwọ̀ wo ni?”

Pupa bíríkì ni mo rí kí n tó kúrò nílé.

“Aró ni, Mà.”

“Ó dára.”

Ó kọjú sí ògiri. Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, mo ń retí oríkì mi.