Àwọn fídíò Ọ̀gá Báyọ̀dé tí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ṣe fídíò tó ti wà nílẹ̀ tipẹ́!

Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní ilé ẹ̀kọ́ wa ní Lọ́kọ́ja. Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe fẹ́ gbé fídíò mi lórí iná mànàmáná sórí ìkànnì wa, mo rí fáìlì kan níbẹ̀ tí wọ́n pè ní "Tuntun 2". Mo ṣí i.

Ọ̀gá Báyọ̀dé, olùkọ́ físíìsì wa tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ni mo rí. Wọ́n ń fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì àti wáyà ṣàlàyé ohun kan náà, ó sì yéni ju tèmi lọ. Ogún irú rẹ̀ ló wà níbẹ̀, kò sí àkòrí lára ìkankan.

Mo pè wọ́n lórí fóònù nílé wọn ní Natako, mo sì kí wọn bí àwa Òkun ṣe ń kíni.

"Òkun o, sà. Mo rí àwọn fídíò yín."

"Ó ṣì wà? Mo rò pé ẹ ti pa á rẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó bi mí rí."

"Ṣé mo lè lò wọ́n, sà?"

"Kí ni mo ṣe é fún, ọmọ mi?"

Ojú tì mí. Mo gbé tèmi tì, mo fi tiwọn ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ lórí ìkànnì wa, mo sì kọ àkòrí àti orúkọ wọn sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí olùkọ́ mìíràn lè tètè rí i.

Lọ́sàn-án, ọmọ kan kọ ọ́ sábẹ́ fídíò náà pé ó ti wá yé òun. Mo fi ránṣẹ́ sí Ọ̀gá. Kíá ni wọ́n fèsì:

"Sọ fún un kó wo ìkẹta. Ìyẹn ló le."

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, iṣẹ́ ta ló wà lọ́dọ̀ yín tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí wò?