Ike Tó Yí Fáànù Ká

Bí ẹ bá rí àbúrò mi lónìí, ẹ ò ní gbà pé òun ni wọ́n ń pè ní Dókítà Rédíétọ̀. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi tún fáànù ọkọ̀ ṣe. Á fi bébà pélébé síwájú rédíétọ̀, bí fáànù bá fà á mọ́ra, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ó ń mí." Bó bá tì í dànù, a jẹ́ pé wọ́n ti so wáyà rẹ̀ sódì. Ó mọ iṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mọ́ ọn.

Àléébù rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: ó kórìíra ike tó máa ń yí fáànù ká. Ó ní kì í jẹ́ kí ọwọ́ òun ráyè, pé bóòtù rẹ̀ ti dípẹtà, pé ẹrù lásán ni. Bó bá ti tú u, ó tú u náà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ike yẹn ló ń jẹ́ kí fáànù fa atẹ́gùn gba gbogbo ara rédíétọ̀. Láìsí i, ibi tí fáànù kọjú sí nìkan ló ń tutù. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà á bo àṣírí. Tó bá dúró, wàhálà dé.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, takisí ni mò ń wà. Nígbà tó tún tèmi ṣe, tó sì tú ike rẹ̀, màmá wa ní, "Ẹ má jù ú nù o, mo fẹ́ fi yí ẹ̀fọ́ mi ká, kí adìẹ má bàa jẹ ẹ́ tán." Wọ́n gbé e sẹ́yìnkùlé, ẹ̀fọ́ sì gba ojú ihò rẹ̀ hù. A fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, èémí màmá ò já gaara mọ́. Mo gbé wọn sínú takisí, ó di ọsibítù. Wọ́n ń tún afárá ṣe, ọkọ̀ ń rìn bí ìgbín. Kò pẹ́, abẹ́rẹ́ tó ń wọn ìgbóná ẹ́ńjìnnì fò sókè, ooru ń rú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ kú. Mo pariwo, mo gbá sítiárì, mo ṣépè fún ẹni tó tún un ṣe. Màmá di ọwọ́ mi mú.

"Má jẹ́ kí àbúrò ẹ gbọ́ o. Ìbànújẹ́ á pa á."

"Mo gbọ́, Màámi."

Kí a tó rí ọkọ̀ mìíràn, màmá ti dákẹ́. Mẹkáníìkì tó wá fa takisí náà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Ike fáànù ńkọ́? Àìsí i ló fà á."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi pa ẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹbí pé jọ, àbúrò mi dojú kọ mí: "Àǹtí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wakọ̀ lójoojúmọ́, ẹ ò lè gbé ìyá wa dé ọsibítù?"

Háà! Èmi? Mo gbaná jẹ. Mo fà á lápá lọ sẹ́yìnkùlé.

"Wò ó! Ike fáànù ọkọ̀ mi nìyẹn! Ẹ̀fọ́ ló ń bò nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná pa ìyá ẹ mọ́ ojú ọ̀nà!"

Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹ̀fọ́ náà tu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́ yọ ike rẹ̀.

Ó di oṣù mẹ́jọ báyìí. Ọkọ̀ ń dé ìsọ̀ rẹ̀, wọ́n ń padà. Mo ti bẹ̀ ẹ́, mo ní ẹ̀bi tèmi náà ni, mo mọ̀ pé ike ò sí níbẹ̀, mo ṣì ń wa takisí náà kiri. Síbẹ̀, kò fọwọ́ kan fáànù mọ́. Ẹyin lohùn. Iṣẹ́ kan péré ni màmá rán mi kí wọ́n tó kú, mi ò jẹ́ ẹ.