Ìkòkò Ńlá fún Igi Ọsàn Kékeré

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pàdé Bàbá Alágbàfọ̀, ó gbé agolo mílíìkì kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́. Ọ̀dọ̀ ìyá olódòdó tó ń ta igi àti ìkòkò létí títì ni a ti pàdé. Èmi wá ra ìkòkò tí n ó gbé síwájú fèrèsé. Òun ti ń rìn kiri láàárín àwọn ìkòkò kí n tó dé, ó ń fi ìka kan èyí, ó ń bẹ̀rẹ̀ wo ìdí ìyẹn. Igi ọsàn kan ló wà nínú agolo rẹ̀, kò ga ju ìka ọwọ́ lọ. Gbòǹgbò rẹ̀ ti ń yọ jáde láti inú ihò tí wọ́n fi ìṣó lu sí ìdí agolo náà.

Ìyá olódòdó gbé ìkòkò amọ̀ kékeré kan wá fún un.

“Bàbá, èyí ló bá a mu. Ó fi díẹ̀ tóbi ju agolo yín lọ, ihò wà nídìí rẹ̀, amọ̀ kì í sì í há omi mọ́ra.”

Bàbá wò ó bí ẹni tí wọ́n bù kù. “Èyí? Ṣé ìkòkò ni àbí ife omi?”

“Ife omi ló tó o báyìí. Tó bá dàgbà, ẹ ó pààrọ̀ rẹ̀.”

“Ta ló máa ń ra bàtà tí kò ní pẹ́ há mọ́ ọmọ lẹ́sẹ̀?”

“Ta ló máa ń wọ bàtà bàbá fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ìkòkò aláwọ̀ aró kan tó ń dán, tó jẹ́ pé ènìyàn méjì ló ń gbé e.

“Bàbá, ìyẹn ti pọ̀ jù. Ibi tí gbòǹgbò ò bá lè dé nínú erùpẹ̀, omi ni yóò máa gbé ibẹ̀.”

“Yàrá kan ṣoṣo ni èmi àti ìyàwó mi gbé títí ó fi kú,” ni Bàbá wí. “Jẹ́ kí igi rẹ̀ ní pálọ̀.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyá olódòdó fúnra rẹ̀ ló bá a gbé ìkòkò náà sínú ọmọlanke.

Ọ̀nà kan náà ni èmi àti Bàbá ń gbà relé, bí mo ṣe gbọ́ ìtàn igi náà nìyẹn. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti ń lọ aṣọ fún gbogbo àdúgbò, ìyàwó rẹ̀ a sì máa ká a. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni yàrá wọn wà. Bí òjò bá ń rọ̀, inú yàrá náà ni wọ́n ń sá aṣọ oníbàárà sí, lórí okùn tí wọ́n ta láti ògiri dé ògiri, abẹ́ ṣòkòtò olóṣòkòtò ni wọ́n sì ti ń jẹun. Ìyàwó a máa ní gbogbo àdúgbò ló ń bá àwọn gbé, ẹsẹ̀ ni wọn ò tíì kì bọ inú ṣòkòtò wọn. Lọ́dọọdún ni ọkọ rẹ̀ ń ṣèlérí pé, tí ọdún bá yí, àwọn á kó lọ síbi tó fẹ̀. Ìyàwó kò bá a jiyàn rí.

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀ sí ọsibítù, ọsàn ni ọkàn rẹ̀ fà sí. Ọkọ rẹ̀ bó o fún un. Kò lè mu ún dé ìdajì. Ó yọ kóró kan lẹ́nu, ó fi sí ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní, “Ẹ bá mi gbin èyí.” Kí kóró náà tó yọ ewé méjì, wọ́n ti sin ín.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù ni Bàbá gbé ìkòkò ńlá náà sí. Ọwọ́ tó ti ń wọ́n omi sí aṣọ láti ọjọ́ yìí wá kò lè fojú fo ohun gbígbẹ dá. Bó bá ti wọ́n omi sí ṣẹ́ẹ̀tì kan, á na ọwọ́, á bu díẹ̀ sí igi. Òkè erùpẹ̀ ń gbẹ lójú oòrùn. Ìsàlẹ̀ ti di àbàtà. Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó rò pé òùngbẹ ni.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, aránṣọ tó ń gbé ní òpópónà kejì, bá a níbi tó ti ń bomi sí i.

“Bàámi, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi sí i láàárọ̀ ni.”

“Oòrùn ti là á mu.”

“Ṣé igi lẹ gbìn ni àbí ẹja lẹ ń sìn?”

Bàbá rẹ̀ tún bu omi sí i. Ọmọ náà rí i pé ọ̀rọ̀ ti kọjá àwàdà, ó lọ pe ìyá olódòdó.

Ìyá olódòdó ki ìka bọ erùpẹ̀ náà, ó ní kí Bàbá gbóòórùn ìka òun. Ó ń rùn. Wọ́n fa igi náà yọ. Gbòǹgbò rẹ̀ ti dúdú, ó ń bó síni lọ́wọ́ bí ẹ̀fọ́ tó jinná jù.

“Bàbá, omi tí gbòǹgbò ò lè mu ló padà ń mu gbòǹgbò.”

Ó fi abẹ gé èyí tó ti jẹrà, ó sì gbin ìyókù sínú ìkòkò amọ̀ kékeré.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá kò bomi sí i bí kò bá kọ́kọ́ fi ìka wo erùpẹ̀. Ọ̀sán kan tí mo kó aṣọ lọ, mo bá a níbi tó lóṣòó sí níwájú igi náà, áyọ́ọ̀nù tó fi ń lọ aṣọ ti tutù lórí tábìlì. Ewé kan ṣoṣo ló kù. Nígbà tí ìyá olódòdó padà wá, ewé yẹn náà ti já.

Ó ní abẹ́ èèpo igi tó bá wà láàyè máa ń tutù. Ó fi èékánná ha èèpo náà lókè. Ó gbẹ. Ó ha á ní ìdí pátápátá. Ó gbẹ.

“Bàámi, a ó ra ọsàn mìíràn,” ni ọmọ rẹ̀ wí. “A ó gbin kóró rẹ̀.”

“Ẹnu ìyá rẹ ò ní kan ìyẹn.”

Ọmọ náà, tí kò sunkún níbi ìsìnkú, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Bàbá gbé ọwọ́ lé e léjìká.

“Àyè ni mo rò pé kò ní,” ó wí.

“Màámi ò ráhùn àyè rí.”

“Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.”

Ẹni tó ń tún bàtà ṣe ló gba ṣọ́ọ̀bù náà báyìí. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ni Bàbá ń gbé. Láàárọ̀, ó máa ń jókòó sórí àpótí lọ́dọ̀ ìyá olódòdó, á máa fi ìṣó gbígbóná lu ihò sí ìdí ike ọ̀dà tí àwọn ènìyàn bá kó wá láti fi gbin igi.